Ṣé O Mọ Ohun Tó Ń Kọrin Sí Ọ Létí?

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìdáná ni wọ́n ti ń ṣe hẹ́dífóònù nígbà kan? Nathaniel Baldwin, ará Utah ní Amẹ́ríkà, ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò wọ́n. Ní 1910, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n dán an wò, wọ́n rí i pé ó dáa ju èyí tí wọ́n ń lò lọ, ni wọ́n bá ní kó ṣe ọgọ́rùn-ún wá. Baldwin fèsì pé mẹ́wàá-mẹ́wàá lòun lè máa ṣe, torí ilé ìdáná ni ibi iṣẹ́ òun.

Ó ti pẹ́ ṣáájú tirẹ̀ tí àwọn kan ti fi etí méjèèjì gbọ́ orin láti ọ̀nà jíjìn. Ní Paris, lọ́dún 1881, Clément Ader to máíkì sí ọ̀tún àti òsì pèpéle ilé eré Opéra, ó wá fa wáyà tẹlifóònù láti ibẹ̀ lọ sí ibi ìpàtẹ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Ẹni tó bá gbé ohun ìgbọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí etí rẹ̀ méjèèjì á gbọ́ bí akọrin ṣe ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Rẹ́díò kò tíì sí nígbà yẹn o.

Ẹnu wáyà tó nípọn, mílímítà 6.35, tó o máa ń rí lára hẹ́dífóònù olówó gọbọi ńkọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló ti wá; òun ni wọ́n fi ń so ẹni tó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Fóònù ìgbàlódé ti ń lé èyí tó kéré, mílímítà 3.5, jáde, àmọ́ ó ṣì wà lára kọ̀ǹpútà àti páàdì géèmù.

Ní 1958, ní ìlú Milwaukee, John Koss gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń lu àwo orin lọ síbi ìpàtẹ. Ẹ̀rọ náà ló fẹ́ tà. Hẹ́dífóònù sítẹ́rió tó so mọ́ ọn kàn jẹ́ àfikún ni, ṣùgbọ́n àfikún yẹn gan-an ni gbogbo èèyàn dúró dè láti gbọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Sony gbé Walkman, ẹ̀rọ orin kékeré tí èèyàn lè mú rìn, jáde ní 1979, ihò hẹ́dífóònù méjì ló wà lára rẹ̀: Akio Morita, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, rò pé ìwà àìbọ̀wọ̀ ni kí èèyàn máa dá orin gbọ́ níwájú ẹlòmíì.

Ṣé o mọ̀ pé hẹ́dífóònù kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí gbayawu, tí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀? Sennheiser ti Jámánì ló kọ́kọ́ tà á, HD 414, ní 1968, pẹ̀lú fóòmù aláwọ̀ yẹ́lò létí rẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, gbogbo ènìyàn gbà pé ó yẹ kí hẹ́dífóònù pa etí dé pátápátá. Èyí tó ṣí máa ń jẹ́ kí orin mí, bí ilé tí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀. Ohùn kò há sínú agbárí mọ́, ó jọ pé akọrin wà nínú yàrá. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ orin fi ń sọ fún olùbẹ̀rẹ̀ pé irú rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ rà. Ìmọ̀ràn tó dáa ni fún ẹni tó ń gbé àdúgbò tó dákẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ń bú lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ kò ní gbádùn rẹ̀: ariwo á wọlé sí i, orin tirẹ̀ náà á sì jáde sí gbogbo ará ilé. Èyí tó padé ni mo máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó rà, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣẹ̀sín.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ń ta hẹ́dífóònù mọ̀. Bí wọ́n bá gbé hẹ́dífóònù méjì wá kó o yàn, èyí tí wọ́n fẹ́ tà ni wọ́n á yí ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀. Fletcher àti Munson, ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn láti 1933 pé etí èèyàn kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn bẹ́ẹ̀sì, dáadáa nígbà tí orin bá rọlẹ̀. Bí o ṣe ń yí i sókè ni bẹ́ẹ̀sì ń yọ, tí orin á sì dà bí ẹni pé ó kún sí i. Nítorí náà, kí o tó sọ pé èyí dáa ju tọ̀hún lọ, mú ohùn àwọn méjèèjì dọ́gba.

Orin tó o mọ̀ dunjú ni kó o fi dán an wò. Ní Jámánì, nígbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ Karlheinz Brandenburg ń tún MP3, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ fáìlì orin di kékeré, ṣe, orin "Tom's Diner" tí Suzanne Vega kọ láìsí ohun èlò kankan ló fi ń dán iṣẹ́ rẹ̀ wò léraléra, torí ohùn ènìyàn kan ṣoṣo máa ń tú àṣírí àbùkù. Fún tiwa, orin jùjú tí gángan pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Bí bẹ́ẹ̀sì hẹ́dífóònù bá ti wú jù, gìtá bẹ́ẹ̀sì á bo ìlù mọ́lẹ̀. Wàá mọ̀ pé wọ́n ń lu gángan, ṣùgbọ́n o ò ní gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ó wá kan àwọn tó ń fi géèmù ṣeré. Ṣé o mọ̀ bí o ṣe ń mọ ibi tí ọ̀tá ti ń rìn bọ̀? Ìró tó bá ti ọwọ́ ọ̀tún wá máa ń kọ́kọ́ dé etí ọ̀tún. Ìyàtọ̀ àkókò tó wà láàárín rẹ̀ àti ìgbà tó dé etí òsì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ọpọlọ ń kà á. Ti òkè, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn ló ṣòro jù, níbi tí àwọn kólokòlo ara etí òde ti ń wúlò: wọ́n ń yí ìró padà díẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ibi tó ti wá. Etí ẹnì kan kò sì rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹlòmíì. Ní 2017, wọ́n fi ìṣirò irú èyí sínú géèmù Counter-Strike: Global Offensive; nígbà tí ẹ̀rọ géèmù PlayStation 5 sì jáde ní 2020, oríṣi márùn-ún ló gbé kalẹ̀ kí kálukú yan èyí tó bá etí tirẹ̀ mu.

Kí wá ni "7.1" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí hẹ́dífóònù géèmù, bí ẹni pé sípíkà pọ̀ yí ọ ká? Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú hẹ́dífóònù bẹ́ẹ̀, sípíkà kan ṣoṣo ló wà ní etí kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìyókù, kò sì sí hẹ́dífóònù orin tó dáa tí ìṣirò yẹn kò lè bá ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó bá ra hẹ́dífóònù orin, tó sì ra máíkì kékeré kan lọ́tọ̀, ti jèrè ju ẹni tó sanwó iná aláwọ̀ méje tí kò lè rí nígbà tó bá dé e lórí.

Bluetooth ńkọ́? Tí o bá ń wo fíìmù, ẹ̀rọ lè dá àwòrán dúró díẹ̀ kí ohùn bá a. Géèmù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìwọ lo tẹ bọ́tìnnì, ojú ẹsẹ̀ lo sì fẹ́ rí i. Ohùn Bluetooth lásán lè pẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kó tó dé. Wáyà ló dáa jù. Tàbí hẹ́dífóònù tó ní ẹ̀rọ rẹ́díò tirẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ USB.

Ṣé o mọ̀ pé DAC, tí wọ́n ń tà bí ohun àràmàǹdà, ti wà nínú fóònù rẹ? Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ nọ́ńbà di iná tó ń mi sípíkà. Àwo CD, tó jáde ní 1982, ń kó nọ́ńbà 44,100 jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún etí kọ̀ọ̀kan, torí etí tó dá ṣáká kò lè gbọ́ ju nǹkan bí 20,000 hertz lọ, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni a sì nílò. Wáyà bíńtín tí Apple ń tà ní dọ́là mẹ́sàn-án láti fi so hẹ́dífóònù mọ́ ihò USB-C ní DAC àti ampilifáyà nínú. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí hẹ́dífóònù bá ṣòro láti mú dún, bíi Sennheiser HD 600 tí ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ ohm 300, tí fóònù kò sì lè mú un pariwo tó, ni ampilifáyà tó lágbára di dandan.

Àwọn ọlọ́rọ̀ ní tiwọn. Owó hẹ́dífóònù Sennheiser HE 1 lé ní 50,000 dọ́là: tí o bá tàn án, gílóòbù mẹ́jọ á rọra yọ sókè láti inú òkúta mábù ilẹ̀ Ítálì.

Ohun tí owó kò lè rà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tó wà nínú etí lọ́hùn-ún, nǹkan bí 15,000 ní etí kan. Bí ariwo bá pa tàwa, wọn kì í hù mọ́. Ti adìyẹ ń hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Láti 1988 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti kọ ọ́ síwèé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀ lórí dẹ́síbẹ̀lì 80. Tó bá fi mẹ́ta lé e, àkókò á pín sí méjì: wákàtí 20 lórí 83, mẹ́wàá lórí 86, márùn-ún lórí 89. Nínú ètò iPhone, ibì kan wà tó o ti lè fi ààlà sí ariwo hẹ́dífóònù, láti dẹ́síbẹ̀lì 75 sí 100. Ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ààbò hẹ́dífóònù (Headphone Safety) sí ni kó o wò.