Ilẹ̀kùn Ọkàn Tí Kò Ṣí Tán, Tí Kò Tì Tán

Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kò gba ibẹ̀. Wọ́ọ̀dù ni mo ti rí ìtumọ̀ òwe yìí, ní ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Wọ́n gbé ìyá àgbàlagbà kan wá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, omi kún ikùn rẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ sì ń lù kìkì. Gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká gbà pé ọkàn ni àrùn náà wà. A kò kúkú parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ wa máa la ẹnu, kò béèrè ọ̀rọ̀ àyà rárá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà mélòó ni ẹ ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lójúmọ́?"

Ojú ti ìyá náà. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí inú òun ti ń ṣí, tí òun ti ń ra oògùn kiri, àti pé ooru kan a máa ṣàdédé bu òun lójú àti láyà. Àwọn ìwé òyìnbó tí à ń kà sọ pé ojú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń pọ́n. Lára ènìyàn dúdú, ta ni yóò rí pípọ́n náà? Àfi kí a béèrè.

Kókó kan tí a ń pè ní carcinoid ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Siegfried Oberndorfer, onímọ̀ àrùn ní ìlú Munich ní ilẹ̀ Jámánì, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1907. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ohun tí ó jọ jẹjẹrẹ", nítorí ó rò pé kò lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Ní 1929, òun fúnra rẹ̀ padà wá sọ pé ó lè tàn ká nínú ara. Irú ọ̀mọ̀wé bẹ́ẹ̀ wù mí púpọ̀.

Inú ìfun ni kókó yìí sábà máa ń hù sí, a sì máa da họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Olórí wọn ni serotonin. Bí ó bá wà nínú ìfun nìkan, kò sí ewu púpọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ìfun wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ a sì pa agbára họ́mónù náà. Wàhálà dé nígbà tí kókó náà bá ràn dé ẹ̀dọ̀ gan-an. Láti ibẹ̀, họ́mónù ń ṣàn lọ tààrà sí apá ọ̀tún ọkàn, kò sí oníbodè kankan mọ́.

Ilẹ̀kùn méjì ló wà ní apá ọ̀tún náà, ohun tí mẹkáníìkì ìbá pè ní fáàfù. Iṣẹ́ wọn ni kí ẹ̀jẹ̀ máa lọ síwájú, kí ó má padà. Họ́mónù yìí a mú kí ohun funfun kan tí ó le bí àpá hù lé wọn lórí. Wọn a súnkì, wọn a gan, wọn kò ní ṣí tán, wọn kò ní tì tán. Ẹ̀jẹ̀ a wá máa padà sẹ́yìn sínú ara. Òun ló ń wú ẹsẹ̀, òun ló ń kún ikùn. Apá òsì ọkàn kì í sábà fara gbá a, nítorí ẹ̀dọ̀fóró wà láàárín, òun náà a sì máa pa serotonin run. Àfi bí ihò bá wà láàárín ọ̀tún àti òsì, tàbí bí kókó náà bá hù nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Láti mọ àrùn yìí, a máa ń gba ìtọ̀ aláìsàn fún wákàtí 24, kí a lè wọn ohun tí serotonin ń dà kí ó tó jáde. 5-HIAA ni orúkọ rẹ̀. Èmi ni wọ́n rán láti gba ti ìyá yìí. Mo gbà á, mo kọ orúkọ sí i lára, inú mi dùn. Olùkọ́ wa bi mí pé, "Kí ni màmá jẹ lánàá?" Bọ̀ọ̀lì ni màmá jẹ. Wọ́n ní kí n lọ da ìtọ̀ náà nù.

Serotonin pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Ní Ìbàdàn níbí ni Foy àti Parratt ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1960. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan ń rò pé bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń fa endomyocardial fibrosis, àrùn mìíràn tí ń mú kí inú ọkàn le bí àpá, tí wọ́n ń rí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Èrò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí serotonin tí a bá jẹ lẹ́nu kì í fi bẹ́ẹ̀ la ìfun àti ẹ̀dọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n àjẹkù rẹ̀ ń hàn nínú ìtọ̀, débi pé ẹni tí ó jẹ dòdò lálẹ́ lè dà bí ẹni tí ó ní carcinoid láàárọ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́ta ni kí ó fi yẹra fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tòmáàtì àti píà. Màmá yẹra fún wọn. 5-HIAA rẹ̀ ṣì ga, àwòrán ọkàn sì fi ilẹ̀kùn tí ó gan hàn wá.

Báwo wá ni ìtọ́jú? Bí ikán bá jẹ ilẹ̀kùn, tí a ra tuntun láìpa ikán, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Họ́mónù ni a ó kọ́kọ́ mú so. Abẹ́rẹ́ octreotide, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1988, ni àgbà oògùn níbẹ̀; ó ń dí kókó náà lọ́wọ́ kí ó má da họ́mónù jáde. Ìgbẹ́ a rọlẹ̀, ooru a rọlẹ̀. Bí ìgbẹ́ kò bá rọlẹ̀ tó, telotristat wà láti 2017, èyí tí ń dín ṣíṣe serotonin kù. Wọ́n tún lè gé kókó inú ẹ̀dọ̀, tàbí kí wọ́n dí iṣan tí ń bọ́ ọ. Oògùn tí ń mú ènìyàn tọ̀ ń fa omi ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè sọ ilẹ̀kùn tí ó ti gan di rírọ̀ padà. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù, kí a pààrọ̀ rẹ̀.

Ìgbà wo ni kí a ṣe é? Ibẹ̀ ni àwọn àgbà oníṣègùn ti ń jiyàn. Bí a bá yá jù, a la àyà ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le. Bí a bá pẹ́ jù, apá ọ̀tún ọkàn ti rẹ̀ débi pé kò lè gba abẹ mọ́. Lójú tèmi, pípẹ́ ló burú jù. Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn jáde ní 2015 lórí aláìsàn 195: nínú 100, nǹkan bí 10 ló kú ní àsìkò iṣẹ́ abẹ, láti 2000, ó ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 6.

Ewu tirẹ̀ tún wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Oògùn oorun tàbí fífọwọ́ kan kókó náà lè mú kó tú họ́mónù jáde bí omi odò, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a sì já wálẹ̀ lójijì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń jẹ́ kí octreotide máa kán sínú iṣan aláìsàn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ó ń lọ lọ́wọ́, àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ilẹ̀kùn wo ni kí a fi sí i? Ti irin kì í tètè gbó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní in yóò máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì títí ayé. Bí wọ́n bá tún fẹ́ gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́la, ẹ̀jẹ̀ lè má dá. Èyí tí a fi ara ẹran ṣe ni ọ̀pọ̀ ń yàn nísinsìnyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé họ́mónù lè bà á jẹ́. Ó wà láti ara ẹlẹ́dẹ̀, ó sì wà láti ara màlúù, nítorí náà ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹlẹ́dẹ̀ lè béèrè kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Ìyá wa béèrè. Ti màlúù ni ó fẹ́. Ó ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fà díẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wá owó iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí mo lọ kí i ní ìjẹta, ohun tí ó bi mí ni pé ṣé òun lè jẹ bọ̀ọ̀lì wàyí. Mo ní a ti gba ìtọ̀ tán, kí wọ́n máa jẹ ẹ́.