Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Àwo Rọ́ọ̀kì Tó Gba Ìkẹjà Kọjá

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gba Ìkẹjà lọ sí Agége, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ tí ariwo ẹ̀rọ wọn kì í dákẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí pé ní ọdún 1973, Ginger Baker, ògbóǹtarìgì onílù ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Cream, ẹni tí ó ti fi ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó Akéte ilé ọgbọ́n, ti ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan tí ń jẹ́ ARC ní Ìkẹjà yìí. Ibẹ̀ ni gbajúmọ̀ olórin Paul McCartney ti gba orin “Picasso's Last Words” sílẹ̀ fún àwo Band on the Run, tí Baker fúnra rẹ̀ sì ń mi agolo òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Àpápá ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìyókù àwo náà.

Bí irú àwo bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpótí bàbá yín, tí ẹ sì fẹ́ gbé orin rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ẹ kọ́kọ́ nu eruku rẹ̀. Bí àwo ti ń yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n nínú ìlà tín-ínrín, ìgbọ̀n yẹn di iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà sì ń wọn iná náà ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n CD. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má ṣe fi kọ̀ǹpútà ha gbogbo ariwo kúrò, nítorí ohùn páànù ìlù a máa bá a lọ.