Bí Ipò Bá Tán, Kí Ló Kù fún Obìnrin?

Ẹ̀yin aya àti abiyamọ, iṣẹ́ ìjọba a máa tán, àga a sì máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó lórí àga náà kò ní í tìtorí bẹ́ẹ̀ tán. Ní agbègbè Akínyẹlé, láti Mọ́níyà dé Ìjàyè, ọ̀pọ̀ agbolé ló ní ìyá kan tó ti ṣe olórí rí: ọ̀gá ilé-ìwé, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, ìyálọ́jà, tàbí olórí ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ó lè jẹ́ ìyá yín, ó sì lè jẹ́ ìyá ọkọ yín.

Òfin iṣẹ́ ìjọba ní kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì bí ó bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí bí ó bá ti lo 35 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2022 sún ti àwọn olùkọ́ sí 65 ọdún, tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wá ro ti obìnrin tó ti ń fi agogo ilé-ìwé ka ọjọ́ ayé rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ayẹyẹ ìdágbére, kò sí ẹni tó ń dúró dè é, kò sì sí ìwé tí yóò buwọ́ lù. Wọ́n ti pè é ní Ọ̀gá títí, òun náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹni tó jẹ́ kí ó tó di Ọ̀gá.

Ẹ̀kọ́ lára Ìyálóde

Ẹ jẹ́ kí a wo Olóyè Wúràọlá Adépéjú Ẹ̀san, tí a bí ní ọdún 1909. Olùkọ́ ìtọ́jú ilé ni ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1930 sí 1934. Ní 1944, ó dá ilé-ìwé gírámà àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Mólété, Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ló di Sẹ́nétọ̀, obìnrin àkọ́kọ́ nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, ilé ìgbìmọ̀ náà túká. Ipò Sẹ́nétọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ olùkọ́ kò lọ, ilé-ìwé tó dá sílẹ̀ kò sì wó. Ní ọdún 1975, ó di Ìyálóde Ìbàdàn, ó sì wọ inú ìgbìmọ̀ àwọn ìjòyè. Ó ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ipò tó dé. Ìdí nìyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ṣófo nígbà tí ipò lọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Èkíní, ẹ má ṣe sáré sọ Màmá di olùtọ́mọ. Òótọ́ ni pé ọmọ-ọmọ dùn ún gbé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì jọ yan ọjọ́ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Èkejì, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n tó gba ipò. Ẹni tó mọ ìṣirò owó ilé-ìwé lè bá àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ṣírò iye tí ẹ̀gẹ́, igi ìdáná àti ọkọ̀ ń gbà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èrè ni wọ́n ń jẹ tàbí gbèsè. Nọ́ọ̀sì àná lè máa kọ́ àwọn aboyún àdúgbò ní oúnjẹ tó yẹ.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá fẹ́ ṣòwò, kí wọ́n fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí a kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì lé òwò tí a kò tíì mọ̀.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àgbà nìkan ni èyí. Ìyàwó Lágbájá àti Ìyá Tàmẹ̀dò, ipò ni wọ́n pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tí ẹ ń pọ̀n lónìí yóò lọ sílé tiwọn lọ́la. Nítorí náà, ẹ wá nǹkan kan tó jẹ́ tiyín: ìránṣọ, oko ẹ̀fọ́, tàbí ìwé kíkà. Ẹ fi wákàtí díẹ̀ sílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀, kí ẹ má sì tijú rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Obìnrin tó bá ti mọ ara rẹ̀ kí ipò tó dé, kò ní í wá ara rẹ̀ tì nígbà tí ipò bá lọ.