Kí A Tó Yáwó Ilé-Ìwé, Ẹ Jẹ́ Kí A Bi Ọmọ Léèrè

Àkókò tí àwọn ọmọ ń wọ yunifásítì tún ti dé, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó sì ti ń ga lórí tábìlì wa. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ kí owó tó jáde.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta èlùbọ́ wá yáwó láti fi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn. A bèèrè iye tí ó ti fi pamọ́. A bèèrè onídùúró méjì. Ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kò sí ẹni tí ó bi í ní ohunkóhun. Lẹ́yìn ọdún méjì ó padà wálé, ó ní òun kò lè ṣe é mọ́, pé láti kékeré, iṣẹ́ iná mànàmáná ni ọkàn òun wà. Ìyá sọkún títí. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í gbọ́ ẹkún: àwọn onídùúró bá a san nínú rẹ̀. Àwa ìgbìmọ̀ náà pín nínú ẹ̀bi yẹn. Kò sí ọlọ́jà tí í sanwó ọjà láìtú u wò. Àwa sanwó láìbi ọmọ léèrè.

Kì í ṣe pé ọmọ tí ó bá yí ẹ̀kọ́ padà ti bàjẹ́ o. Chinua Achebe tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ó bá wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1948, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Sikọ́láṣíìpù ni ó fi wọlé. Lẹ́yìn ọdún kan ó yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìsìn, sikọ́láṣíìpù náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba fún un ní ìrànwọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Augustine sì yọ̀ǹda owó tí ì bá fi lọ sílé fún ìsinmi, kí àbúrò má baà fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó gboyè ní 1953. Ní 1958 ìwé rẹ̀, Things Fall Apart, jáde. A ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ó ju 50 lọ. Ẹ kíyè sí i: ọmọ mọ ohun tí ó ń fẹ́, ó gbà láti pàdánù nítorí rẹ̀, ẹbí sì dúró tì í.

Báwo wá ni ọmọ yóò ṣe mọ̀? Ẹ pè é jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ bi í ní ohun mẹ́ta. Èkíní, iṣẹ́ wo ni ó máa ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an? Èkejì, ta ni ó mọ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ tí ó fẹ́ kọ́, ǹjẹ́ ó ti lọ wo ẹni náà lẹ́nu iṣẹ́ rí? Ẹ̀kẹta, kí ni kò ní bá wọn ṣe, bí gbogbo ará yàrá rẹ̀ tilẹ̀ ń ṣe é? Bí a bá sin ọmọ dé gáréèjì, a máa ń wí pé, “Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe.” Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó kà sí èèwọ̀, kí ni yóò rántí?

Ẹ tètè bi í o. Ìṣègùn ń fẹ́ Báólọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò JAMB, ó sì ń gba ọdún mẹ́fà. Ó ṣeé ṣe láti yí ẹ̀kọ́ padà lọ́dọ̀ JAMB kí ọmọ tó wọlé. Bí ó bá wọlé tán, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé kí ọmọ wá máa ṣe bí ó ṣe wù ú ni?” Rárá o. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ kan wu òun, kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn wá. Ọmọ ìyá elélùbọ́ wà ní politẹ́kíníìkì báyìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ iná. Bí ó bá gba ìsinmi, a máa bá wọn wáyà ilé, a sì mú díẹ̀ wá san lára gbèsè. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nítorí náà, láti oṣù yìí lọ, bí òbí bá wá yáwó ilé-ìwé, kí ó mú ọmọ dání. Ọmọ ni a ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, kí a tó kan onídùúró.

A ó jèrè ọmọ o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́