Háà! Ojú abẹ́rẹ́ màálù lẹ̀ ń jẹ nínú ọbẹ̀ o!

Bí ẹ bá ra ẹran ní Bódìjà, tẹ́ ẹ délé tẹ́ ẹ gé e, tẹ́ ẹ wá rí i pé ibì kan nínú ẹ̀ le, tó funfun bí àpá, ẹ má tíì ṣépè fún alápatà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹnì kan ló ki abẹ́rẹ́ bọ màálù náà nídìí níbi tí wọ́n ti ń sìn ín, tójú ẹ̀ jinná, tí àpá ẹ̀ ò kúrò nínú ẹran. Bẹ́ẹ̀, ìdí yẹn lowó màálù wà!

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń sin màálù l'Ólódò àti àgbègbè ẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Látìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣòfin lọ́dún 2019 láti ká fífi màálù jẹko kiri lọ́wọ́ kò, inú ọgbà ló yẹ kí wọ́n ti máa sìn ín. Ìwé kíkà nìkan ò sì lè kọ́ èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń di màálù mú, àfi kó fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni nítọ̀ọ́jú ẹran ọ̀sìn wà ní Moor Plantation, n'Ìbàdàn níbí, kò jìnnà.

Ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni kí wọ́n máa gún, torí ẹran ibẹ̀ ò wọ́n tó tìdí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń ṣe ní Vom, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, fún àrùn ẹ̀dọ̀fóóró màálù, abẹ́ awọ ni wọ́n ń fi sí.

Ẹ ò sì gbọdọ̀ dúró sẹ́yìn màálù gan-an, torí kì í rí ẹ̀yìn ara ẹ̀, ìpá ló máa fi dá yín lóhùn. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá wà lẹ́yìn èjìká ẹ̀, á lọ síwájú. Bí ẹ bá bọ́ síwájú èjìká, á padà sẹ́yìn. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá lù ú. (Ká sọ tòótọ́, ọmọ Fúlàní ti mọ èyí láti kékeré.) Màálù tí wọ́n lù, tí wọ́n dẹ́rù bà kí wọ́n tó pa á, ẹran ẹ̀ lè dúdú, kó gbẹ, kó sì tètè bà jẹ́.

Èyí tó wá le jù ni ti oògùn. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó pa màálù tí wọ́n gún. Àwọn kan tó ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n (28). Ṣùgbọ́n bí màálù bá ń ṣàìsàn, tí wọ́n gún un lónìí tí kò dìde, ẹlòmíì á sáré tà á lọ́la kó má baà kú dànù. Oògùn yẹn ṣì wà nínú ẹran, ẹni tó jẹ ẹ́ ló ń gbé e mì. Bó bá sì ń ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, àrùn á mọ́ra pẹ̀lú oògùn, oògùn ò ní ràn án mọ́.

Dókítà tó ń yẹ ẹran wò l'ódò ẹran Amósùn, l'Akínyẹlé, lè rí ikọ́ fée lára ẹ̀dọ̀fóóró. Ojú lásán ò lè rí oògùn. Ẹni tó sin màálù ló mọ ọjọ́ tó gún un.