Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta ní Kétu: Ṣé Èrè Wà Nínú Gẹ̀ẹ́sì Tí A Lọ Kọ́ni?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ọmọ ìjọ ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́ ní Òṣogbo àti ní Iléṣà, ó sì yẹ kí a gbé e síta kí gbogbo wa jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí ilé-ìwé bá gba ìsinmi gígùn, tí ìjọ dá owó jọ, tí ó rán olùkọ́ díẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn láti kọ́ àwọn ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ Olúwa fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ǹjẹ́ èrè wà nínú rẹ̀, àbí a kàn ń da owó sómi?

Ọ̀rọ̀ yìí kan èmi gan-an. Olùkọ́ ni mí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Iléṣà ni mo ti gba ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó sọ ibẹ̀ di yunifásítì, Òṣogbo ni mo sì ti ń ṣe iṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, mo wà lára àwọn méje tí ìjọ wa rán lọ sí Kétu, ní ilẹ̀ Benin, èyí tí à ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975. Àwọn tí ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà àti àwọn tí ń ta ata ní Ọjà Ọba Òṣogbo wà nínú àwọn tí ó dá owó ọkọ̀ wa. Ẹni tí ó bá fi owó ránni níṣẹ́, ó yẹ kí ó gbọ́ àbọ̀.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ṣé Kétu náà ni ẹ ń pè ní ilẹ̀ òkèèrè?" Òótọ́ ni, ọmọ Odùduwà kan náà ni wá. Bí a bá gba Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta, tí a kọjá Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, a ó dé Ìlárá. Ìlárá yìí gan-an ni ẹnubodè là sí méjì, apá kan ní Nàìjíríà, apá kan ní Benin. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìjọba Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Yúróòpù pé ibí ni tèmi, ọ̀hún ni tìrẹ. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní Kétu léèrè. Ìlú náà pàápàá ti di ahoro nígbà náà, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Dahomey ti kó o ní ọdún 1886, ó sì di lẹ́yìn náà kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá méjì ti ń lọ sí ilé-ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ń kọ́ ìwé lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, èkejì ń kọ́ ọ lẹ́nu Faransé.

Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe? Ọjà ni, ẹ̀yin ará mi. Nàìjíríà ni ọjà ńlá tí ó sún mọ́ wọn jù lọ. Obìnrin Kétu tí ó bá dé Èkó lè fi Yorùbá ná ọjà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ṣùgbọ́n rìsíìtì tí wọn yóò já fún un, ìwé ẹrù rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí oògùn, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò lè kà á yóò máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ kiri. Ìdí nìyí tí ènìyàn 63 fi wá ní ọjọ́ kìíní: ọmọ ilé-ìwé, aránṣọ, ọlọ́kadà, àti àwọn ìyá tí ń ta ọjà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, àwọn 41 ni ó kù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé girama wọn ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ òfin gírámà dáadáa. Ẹnu ni kò yá. Bí wọ́n bá rí "table" tàbí "nation" tàbí "orange" nínú ìwé, Faransé ni wọ́n fi ń pè é, nítorí bákan náà ni èdè méjèèjì ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀. "House" dé ẹnu wọn, "h" sá lọ. Mo ní ta ni ó ti lọ sí "library" rí, ọmọkùnrin kan ní òun ti ra ìwé méjì níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé tí ó jọ ọ́, ilé ìtàwé ni ó túmọ̀ sí.

Yorùbá ni ó yọ wá. Ẹ wo iye kíkà. Ẹni tí ó ń sọ Faransé ní ilẹ̀ Benin yóò pe 80 ní "ogún mẹ́rin", bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọgọ́rin tiwa náà jẹ́ ogún mẹ́rin. Bí ó bá dé 90, yóò ní "ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá". Àwa yóò ní àádọ́rùn-ún, èyí tí í ṣe ọgọ́rùn-ún dín mẹ́wàá. Ọmọ Kétu ti mọ ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ méjèèjì. Mo wá fi hàn wọ́n pé ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá ti mọ "six" àti "seven", kí ó fi "ty" sí ìdí wọn, ó ti di 60 àti 70. Ìyá kan tí ń ta àgbàdo bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà, ọ̀nà tiwọn yìí mà tọ́ o! Èmi tí mo ti ka àádọ́rin láti kékeré, kí ni ó tún kù tí n kò lè kà?" Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, ó ti ń ka iye owó lórí rìsíìtì fúnra rẹ̀.

Ìjà wa kò wá láti ibi ẹ̀kọ́. Láti ọ̀dọ̀ tiwa ni ó ti wá. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá kan tí í ṣe Mùsùlùmí mú ọmọbìnrin rẹ̀ méjì wá. Ó kí wa tán, ó ní, "Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè. Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ wá kọ́ wọn ni, tàbí ẹ̀sìn?" Ọ̀kan nínú wa ti ń dábàá pé ẹni tí kò bá wá sí àdúrà ìrọ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ gba ìwé àti pẹ́ńsù. Ó ní, "Kí ni a ó wí fún àwọn tí ó dá owó? Wọn yóò béèrè pé ọkàn mélòó ni a jèrè." Ọ̀rọ̀ náà le láàárín wa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Alàgbà tí ó ṣáájú wa gbọ́ tẹnu gbogbo wa tán, ó wá ní kí á là á ní méjì. Òwúrọ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti ìwàásù, fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ó sì ránṣẹ́ sí bàbá náà kí ó má bẹ̀rù. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wà nínú àwọn 41 tí ó dé òpin.

Mo gbè sẹ́yìn alàgbà náà ní ọjọ́ náà, mo sì ń gbè é títí di òní. Ìdẹ ni wọ́n fi ń mú ẹja. Ènìyàn kì í ṣe ẹja. Ẹni tí ó gbà fún ọ nítorí pẹ́ńsù, bí pẹ́ńsù bá tán, ìgbàgbọ́ rẹ̀ tán. Àwa ará Iléṣà ni ó sì yẹ kí ó mọ èyí jù. Ní ọdún 1930, nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ọ̀oyè, Joseph Ayọ̀ Babalọlá tí ó wàásù níbẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ títì fún ìjọba tẹ́lẹ̀. Yorùbá ni ó fi wàásù. Kò ṣe ìlérí Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti ọ̀nà jíjìn wá. Samuel Àjàyí Crowther pẹ̀lú, tí ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Freetown lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní ọdún 1822, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó tẹ̀ jáde ní 1843. Nígbà tí òun náà dé Kétu ní 1853, èdè tí wọ́n gbọ́ ni ó bá wọn sọ. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ wàásù, Yorùbá wà lẹ́nu wa. Bí a bá sì ní a ó kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, kí a kọ́ ọ dáadáa, kí ó jẹ́ iṣẹ́ àánú tí kò ní okùn nídìí.

Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kọ́ni ní èdè? Rárá o. Kò sí olùkọ́ tí yóò sọ pé ó tó. Ní ọdún 1961 tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rán àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps wá sí Nàìjíríà láti kọ́ni, ọdún méjì ni wọ́n ní kí wọ́n lò. Nígbà tí ìjọba tiwa náà dá Technical Aid Corps sílẹ̀ ní 1987, tí ó ń rán olùkọ́ àti dókítà lọ sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Caribbean, ọdún méjì náà ni. Àwa wá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdajì owó wa sì ti bá ọkọ̀ àti oúnjẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn 63 yẹn nìkan ni a lọ kọ́, n óò wí fún yín gbangba pé kí ẹ má dá kọ́bọ̀ mọ́.

Ohun tí ó gba iṣẹ́ náà là jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì. Ọkùnrin kan ni, ọmọ Kétu, tí í ṣe olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé girama kan níbẹ̀. Ó ti ń kọ́ni fún ọdún mẹ́fà láìrí ẹni tí yóò bá sọ èdè náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó pè mí sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin yóò lọ, èmi ni n óò kù pẹ̀lú wọn. Ohun tí ẹ ń kọ́ wọn, ẹ kọ́ èmi." Kò dàgbà jù mí lọ, kò sì kéré sí mi, ọ̀wọ̀ àlejò ni ó fi pè mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọ̀sán di tirẹ̀ àti ti olùkọ́ mẹ́ta mìíràn. A jọ ka ìwé sókè. A gba ohùn wa sínú fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. A kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi jọ ara wọn sórí káàdì, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Yorùbá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òun ni ó ń kọ́ kíláàsì ní òwúrọ̀, àwa ni a jókòó sẹ́yìn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí à ń di ẹrù láti padà lọ, Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Ó di oṣù kejìlá 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí wọn, kòrónà sì ti gba àárín. Bí iṣẹ́ náà bá so mọ́ wa lọ́rùn, ibẹ̀ ni ìbá kú sí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò dúró. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni ó ń kó wọn jọ, ó sì ń fi ohùn àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo gbọ́ ọmọbìnrin bàbá Mùsùlùmí yẹn tí ó ń ka ìwé. "H" kò sá lọ mọ́.

Baba ńlá àwa Ìjẹ̀ṣà ti mọ ọgbọ́n yìí lẹ́nu òwò. Òṣómàáàló kì í ta aṣọ ní àwìn ní ìlú tí kò ní í padà sí. Ó mọ oníbàárà rẹ̀, ó mọ ilé rẹ̀, yóò sì padà wá lóṣòó títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Ẹni tí ó tajà tí kò padà wẹ̀yìn, ó ta á nù ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó, bí wọ́n bá tún gbé igbá wá, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin kí ẹ tó tú àpò. Èkíní, ta ni ọmọ ìlú náà tí yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ bí a bá ti kúrò? Èkejì, ṣé àwọn tí ń lọ jẹ́ olùkọ́ tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, tàbí ẹni tí ó kàn ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ̀kẹta, ṣé a ó gba gbogbo ènìyàn láìwo ẹ̀sìn wọn? Ẹ̀kẹrin, ìgbà wo ni a ó padà, ọ̀nà wo ni a ó sì gbà mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ bí ọ̀nà bá dí? Bí ìdáhùn bá wà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ dá owó, kí ẹ sì fi àdúrà sí i. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí owó yín dúró sínú àpò. Ẹ lè fi ra ìwé ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé a máa pẹ́ ju àlejò lọ.