Ẹ Yé Fi 4H Rin Orí Ọ̀dà

Nínú òjò yìí, ẹjọ́ kan náà ni àwọn òǹkàwé láti Ladi-Lak àti Ṣómólú ń kó wá. Hilux tòkunbọ̀ ni wọ́n rà. Bí wọ́n bá fẹ́ yí i padà ní àdúgbò tóóró, ọkọ̀ á máa fà tìkọ̀, sítíárìn á le, táyà á máa han. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ pọ́ǹpù sítíárìn, owó ti lọ, nǹkan ò yí padà. Sítíárìn ò ṣe nǹkan kan. Orí 4H, ìyẹn fóò-wíìlì, ni wọ́n fi ọkọ̀ sí láti ilé, torí pé títì tutù.

Pé fóò-wíìlì ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, gbogbo wa la mọ̀. Transfer case ni kò yé ọ̀pọ̀: àpótí jíà kékeré tó wà lẹ́yìn jíà ńlá, tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ṣáàfútì ẹ̀yìn àti ti iwájú. Ní 2H, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ọkọ̀. Bí ẹ bá wọ 4H nínú Hilux, àpótí yẹn á de ṣáàfútì méjèèjì pọ̀, wọn ò ní lè yára ju ara wọn lọ mọ́. Bẹ́ẹ̀, bí ọkọ̀ bá ń wọ kọ́nà, ọ̀nà tí táyà iwájú ń rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹ wo ipa táyà lórí iyanrìn tútù, ẹ ó rí i pé inú ni ti ẹ̀yìn gbà kọjá. Iwájú fẹ́ yára, ẹ̀yìn ò yọ̀ǹda. Lórí ẹrẹ̀, táyà kan á yọ̀ díẹ̀, ìjà náà á tán. Orí ọ̀dà kì í jẹ́ kí táyà yọ̀, inú jíà àti ṣáàfútì ni ìjà náà máa kó sí, títí 4H á fi kọ̀ láti jáde. Bó bá kọ̀, ẹ má fipá fà á. Ẹ rọra fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn lọ́ọ̀ọ́kán, á dẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi sí ẹni tó ń béèrè ọkọ̀ tó lágbára jù láì béèrè irú transfer case tó ní. Prado tó ní differential (jíà tó ń jẹ́ kí ọ̀kan lè yára ju èkejì lọ) láàárín iwájú àti ẹ̀yìn lè fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rin orí ọ̀dà, àyàfi bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tó ń tì í pa. Àwọn Highlander kan ń fi táyà iwájú nìkan fà, èyí tó sì ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà kò ní L4, ìyẹn fóò-wíìlì tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń lọ sí Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wo ọgbà ẹranko Old Oyo, tàbí tó ń gba Serti wọ Gashaka-Gumti, tàbí tó fẹ́ fi ọkọ̀ wọ́ ọkọ̀ ojú omi gòkè létí ọ̀sà Bàrígà, L4 ló nílò. Ó ń sọ agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí táyà di ìlọ́po méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀, eré á sì dín kù bákan náà. Tí ẹ bá ń fa ẹrù lórí ọ̀dà, 2H tó. Kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹrù náà tẹ orí ìkọ́. Bí ìdí ẹrù náà bá wúwo jù, á máa fi ọkọ̀ yín sọ́tùn-ún sósì lórí Third Mainland.

Mo fẹ́ ṣàlàyé inú differential, ṣùgbọ́n ìwà jìbìtì kan ń dùn mí ju ìyẹn lọ. Àwọn mẹkáníìkì kan wà tí wọ́n ń yọ ṣáàfútì iwájú, wọ́n á ní kí ọkọ̀ má baà mu epo, wọ́n á sì tà á. Hilux náà á ṣì máa rìn. Inú ẹrẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tí ẹ máa pè, lẹ ti máa mọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ fúnra yín bóyá ṣáàfútì méjèèjì pé. Ẹ ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì òróró jíà: bí òróró bá funfun, omi ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á dé orí iyanrìn, ẹ wọ 4H, kí ẹnì kan dúró síta wo táyà iwájú bóyá ó ń họ ilẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò ráyè dé orí iyanrìn, ẹ kó owó yín, kẹ́ ẹ máa lọ.